Bí Wọ́n Ṣe Sọ Ìpẹ́ Òkun Lórúkọ ní Deira

Bí ẹ bá bi Nusirat Mùráínà léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe ní Dubai, ìdáhùn mẹ́ta ló ní, irú ẹni tó bá béèrè ló sì ń sọ èyí tó máa gbọ́. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń yẹ fisa wò ni, á ní òun jẹ́ lab technician, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ń gbé bedspace, yàrá tí kálukú ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì kan, ní Rolla ní Sharjah ni, á ní ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì ni, wọn á sì máa wò ó bí ẹni tó tọ́jú dọ́là sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdáhùn kẹta ni òótọ́ pọ́ńbélé, kì í sì í sọ ọ́ àfi tó bá rí i pé onítọ̀hún ní sùúrù: òkúta ló ń fi igi ìtayín fọ́ sójú gíláàsì, tó sì ń wo ohun tó ti kú sínú rẹ̀ láti ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Dubai Silicon Oasis ló gbà á, yàrá mẹ́rin péré lórí àjà kẹta, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ló sì yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì, tí wọn ò mọ̀ pé òkúta wà nítòsí. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo á fi èérún òkúta ránṣẹ́ nínú ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n fẹ́ mọ bí òkúta náà ti dàgbà tó, kí wọ́n lè mọ ibi tí irin wọn dé nínú ilẹ̀. Òkúta ò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ohun wo ló wà nínú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí Nusirat ṣe máa ń sọ ọ́. Ohun abẹ̀mí kan wà lójú òkun tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Oòrùn ló ń jẹ bíi ti ewé, ó sì ń fi ìpẹ́ ẹfun bo ara rẹ̀ yíká bíi ti ẹja. Tó bá kú, ìpẹ́ náà á tú ká, á máa rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ọdún á gorí ọdún, ìpẹ́ á gorí ìpẹ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi di òkúta. Bí ẹ bá to igba irú ìpẹ́ bẹ́ẹ̀ sórí ìlà kan, gbogbo rẹ̀ ò ju mìlímítà kan lọ. Irú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà tirẹ̀ láyé, èyí ń dé, ìyẹn ń lọ. Ẹni tó bá mọ ìpẹ́ ló mọ ìgbà.

Igi ìtayín ni ọ̀gá irinṣẹ́ wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá tí maikirosikópù kan ṣoṣo níye lórí ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, igi ìtayín lásán ló ń ṣe iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù. Nusirat á ha òkúta díẹ̀ sójú gíláàsì, ìwọ̀n tí èèrà lè gbé, á kán omi sí i, á wá fi ẹ̀gbẹ́ igi náà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fà á lọ, á fà á bọ̀, títí kò fi ní sí kókó kankan níbẹ̀ mọ́. Á yan án gbẹ lórí iná, á fi gúlùù lẹ gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, á sì ju igi náà nù. Òkúta kan, igi kan, òfin ibẹ̀ nìyẹn, torí ìpẹ́ àná tó bá lẹ̀ mọ́ igi lè mú kí òkúta òní parọ́ ọjọ́ orí. Ọmọ Bangladesh tó ń tajà ní bàkálà, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn ní Rolla, ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń jẹ ẹran láyé yìí bí ọmọ Nàìjíríà, torí páálí igi ìtayín mẹ́wàá mẹ́wàá ni Nusirat ń rà.

Dókítà Matthew ló gbé òfin náà kalẹ̀. Òun ni ọ̀gá wọn, ọmọ Kerala ní Íńdíà, àgbà ọkùnrin tó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí maikirosikópù, tí èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Òun ló kọ́ Nusirat bí wọ́n ṣe ń wo ìpẹ́. Gbogbo ilẹ̀ á ṣókùnkùn nínú awò náà, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa tàn nínú òkùnkùn ọ̀hún, àmì dúdú tó wà lára rẹ̀ á sì máa yí bí èèyàn bá ṣe ń yí gíláàsì. Lọ́jọ́ tí Nusirat kọ́kọ́ rí i, ó gbàgbé láti jẹun ọ̀sán. Títí di òní, ó ṣì ń gbàgbé nígbà mìíràn.

Ẹni tó gbé e dé ìdí maikirosikópù náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kàfáyàt. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá ju Nusirat lọ. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí Nusirat ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì, Kàfáyàt pa ìwé tirẹ̀ tì, ó di oníbàtà, láti orí bàtà ló sì ti dé Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai, níbi tó ti ń ra ọjà jọ fún àwọn oníṣòwò Èkó. Kò sí ohun tó wọnú àpò tí kì í fi ránṣẹ́. Òun ló rán àbúrò rẹ̀ ní yunifásítì, nígbà tí gbogbo ẹbí ń bi í pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi ẹ̀kọ́ òkúta ṣe. Òun náà ló ṣe ọ̀nà fisa àkọ́kọ́ fún un. Alhaja ni gbogbo Deira ń pè é, ó sì yẹ ẹ́, torí tó bá ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà, ẹ̀ ẹ́ rò pé àwọn ni wọ́n wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kàfáyàt ò bímọ. Ó ti sunkún rẹ̀ tán lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ni ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣá, tí àwọn méjèèjì bá jọ ń jẹun, á sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pé lọ́jọ́ tí òun bá lọ, orúkọ òun náà bá òun lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun Nusirat dé egungun, á wá ṣe bí ẹni tó ń wá omi lọ sí kíṣìnì.

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni ọ̀rá òkúta kan dé láti inú kànga kan. Nusirat ha á, ó fà á, ó wò ó, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Ìpẹ́ kan ni, ó gùn róbótó bí ẹyin, òrùka méjì ló yí i ká, àárín rẹ̀ ṣófo, opó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dábùú àárín náà, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mọ èyí tó fẹ́ jọ ọ́. Ìyẹn wọ́pọ̀ nínú òkúta ìgbà náà bí iyanrìn, ṣùgbọ́n opó méjì ló ní, tí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí oríta. Èyí, ẹyọ kan ṣoṣo. Ó kọ́kọ́ rò pé opó kejì ló kán. Ó wá òmíràn, ẹyọ kan ni. Ó wá títí ó fi rí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sì sí èyí tó ní ojú egbò kankan lára.

Dókítà Matthew wá jókòó sídìí awò, ó yí gíláàsì síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó dìde, ó ní kó lọ wá a nínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò bá rí i, kó padà wá bá òun. Nusirat ka ìwé àwọn Faransé, ó ka ti àwọn ará Rọ́ṣíà pẹ̀lú ẹ̀rọ atúmọ̀ lọ́wọ́, ó wo àwòrán títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nínú bọ́ọ̀sì láti Sharjah wá sí Dubai, fọ́tò ìpẹ́ ló ń wò lórí fóònù. Ọkùnrin kan tó jókòó tì í bi í bóyá òrùka ìgbéyàwó ló ń yàn. Lópin ọ̀sẹ̀ méjì, kò rí ìpẹ́ rẹ̀ níbì kankan.

Ọ̀gá rẹ̀ wá sọ ohun tí kò sọ fún un láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní òun ò ní kọ ọ́, Nusirat ni kó kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì ṣíwájú. Iye ìgbà tí Nusirat ti tọ́jú gíláàsì tí ẹlòmíì fi gba iyì, kò lóǹkà. Ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fọ ojú rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kíkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ètò. Èèyàn á kọ bí ìpẹ́ náà ṣe rí, á kọ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, á kọ ohun tó yà á sọ́tọ̀ lára àwọn tó jọ ọ́, á kọ orúkọ kànga àti ibi tí òkúta náà wà nínú rẹ̀. Á mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó rí, á ní ẹ wò ó, èyí gan-an ló ni orúkọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn lọ́la, kó wá wo èyí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ. Ọ̀nà méjì ni orúkọ pín sí: ti ìdílé wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló wà lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sí nínú òfin kankan, kálukú kàn mọ̀ ọ́n ni. Ẹnìkan kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá dán an wò, wọn á máa fi ṣẹ̀sín títí ayé.

Nusirat ò tilẹ̀ ronú nípa tirẹ̀. Bí Dókítà Matthew ṣe bi í léèrè orúkọ báyìí, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá náà bi í bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, torí èdè Látìn fẹ́ mọ̀, ó wá kọ ọ́ sórí bébà: kafayatiae.

Sátidé ni Nusirat pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ orúkọ náà fún un. Kàfáyàt béèrè bóyá wọn á kọ ọ́ sínú ìwé lóòótọ́, bóyá wọn ò ní pa á rẹ́ tó bá yá. Nusirat ní níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé, orúkọ náà á wà níbẹ̀. Kàfáyàt ní kó dúró díẹ̀, òun ní oníbàárà. Kò ní oníbàárà kankan. Imú ló lọ fọn.

Ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìpẹ́, orúkọ kì í ṣe orúkọ títí ìwé á fi jáde, ìyẹn sì lè gba ọdún kan. Ní ilé Mùráínà, ọmọ tó bá pé ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ, wọn á máa bi àwọn òbí rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kàfáyàt ka ọjọ́ láti Sátidé tí fóònù dé, ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Sátidé kejì, ó sì pe ènìyàn mọ́kànlá sí fúláàtì rẹ̀ ní Deira pé kí wọ́n wá bá òun sọ nǹkan lórúkọ. Nusirat dé pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, ó rò pé òun kàn wá jẹun ọ̀sán ni, ó bá fọ́tò ìpẹ́ náà nínú férémù lórí tábìlì, oyin, iyọ̀ àti omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn sì jókòó, ojú wọn le bí ẹni tó wà níbi ìsìn.

Alfa Abdulsalam ló ṣe àdúrà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, tùràrí àti lọ́fínńdà ló ń tà nítòsí ibẹ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó bi Nusirat bóyá ó ti kú. Nusirat ní ó ti tó ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún. Alfa ní òun ò tíì sọ òkú lórúkọ rí, àmọ́ àdúrà kì í ṣòfò, ó sì gbà á fún ẹni tó ni orúkọ, fún ẹni tó rí i, àti fún gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sínú omi. Kàfáyàt dìde, ó ní àwọn àgbà sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, pé àbúrò òun wo ilé, òun ló rí. Nusirat mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ fún wọn pé ìwé ò tíì jáde, pé iṣẹ́ ṣì kù. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó lá oyin tí wọ́n nà sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Kàfáyàt ti pa àmì ẹrù rẹ̀ dà. Gbogbo oníṣòwò tó ń kó kágò lọ sí Èkó ló ní àmì tó máa ń fi máákà kọ sára àpò, kí ẹrù má bàa ṣìlọ sọ́wọ́ ẹlòmíì ní èbúté. Tirẹ̀ jẹ́ K.M. láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó pa á rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ KAFAYATIAE gàdàgbà-gàdàgbà. Àwọn ọmọ Pakistan tó ń gbé ẹrù fún un kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, wọ́n sì ń pè é dáadáa ju Alfa lọ.

Ó ku ohun kan kí Nusirat tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Olóòtú tó máa tẹ ìwé náà jáde fẹ́ fọ́tò láti inú maikirosikópù ńlá, èyí tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ wo nǹkan, tó lè fi ihò ara ìpẹ́ hàn bí ihò asẹ́. Wọn ò ní irú rẹ̀ ní Silicon Oasis. Ọ̀kan wà ní yunifásítì kan ní Sharjah, Ládé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ládé ní kí Àǹtí má gbé gíláàsì wá o, ẹ̀rọ òun kì í gba gúlùù. Kó mú òkúta náà wá bó ṣe wà, kó ṣẹ́ ẹ sí méjì, kó má sì fọwọ́ kan ojú ibi tó ṣẹ́.

Báyìí ni Nusirat ṣe wo òkúta láìfi igi ìtayín kàn án, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ó lọ láàárọ̀, ó jókòó ti Ládé níwájú kọ̀ǹpútà, Ládé ń yí bọ́tìnnì, ojú òkúta ń kọjá lọ lórí síkíríìnì bí ìlú tí wọ́n ń wò láti inú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n rí ìpẹ́ oríta, èyí tó ní opó méjì, púpọ̀. Wọ́n rí méjì nínú tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n wá dé ibi kan tí nǹkan rogodo bíi bọ́ọ̀lù jókòó sí nínú kòtò kékeré. Ohun abẹ̀mí náà ni, lódidi, gbogbo ìpẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ tó kú. Ìpẹ́ oríta ló bò ó yíká. Ṣùgbọ́n lókè, níbi tí ẹnu rẹ̀ wà, ìpẹ́ mẹ́fà to ara wọn yí ẹnu náà ká, opó kọ̀ọ̀kan ló sì dábùú àárín wọn, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nusirat kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìpẹ́ tó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kì í ṣe irú tuntun. Ìpẹ́ ẹnu ni, ara ohun abẹ̀mí kan náà tó ní ìpẹ́ oríta tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló sì wà. Ìdí tí òun ò fi rí i rí ni pé igi ìtayín òun ló ń fọ́ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, tó ń tú ìpẹ́ rẹ̀ ká kí òun tó wò ó. Ládé ń yán. Ó bi í bóyá kí òun ṣe fọ́tò èyí náà pa mọ́ àbí kí òun máa lọ. Tí Ládé ò bá tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó máa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kó ṣe é pa mọ́.

Ládé ṣe é pa mọ́ lóòótọ́, àmọ́ Nusirat náà pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà Matthew béèrè fọ́tò, Nusirat ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Ọ̀gá náà béèrè lẹ́ẹ̀kejì, Nusirat ní wọ́n ń tún un ṣe. Ní bedspace, ó ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì débi pé obìnrin tó ń sùn lókè rẹ̀ bi í bóyá ìdun ló ń jẹ ẹ́. Ó ń bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́. Bóyá bọ́ọ̀lù méjì ló fún pọ̀ mọ́ra nínú òkúta. Ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá kò sẹ́ni tó máa tún wo òkúta kànga yẹn mọ́. Ìyẹn ṣeé ṣe, òun ló sì ń bà á lẹ́rù jù.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Kàfáyàt pè é pé òun ń di ogójì àpò, pé wọ́n pọ̀ ju gbogbo èyí tí òun ti fi ránṣẹ́ lọ, kó wá wo bí orúkọ náà ṣe tò sára wọn. Ọ̀sán Sátidé ni. Nusirat wọ bọ́ọ̀sì, ó wọ metro, ó dé ibi tí wọ́n ń di kágò, ó bá ogójì àpò lórí ara wọn, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wò ó ní ogójì ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè.

"Àǹtí, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbé e," ló sọ.

Kàfáyàt wo ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àwọn ọmọ Pakistan sẹ́yìn, ó fa àga ṣiṣu méjì. Nusirat fi fọ́tò bọ́ọ̀lù náà hàn án lórí fóònù. Ó ti ronú bó ṣe máa sọ ọ́ láti Rolla, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ.

"Àǹtí, ẹ wo eyín yín. Ti iwájú ò jọ ti ẹ̀yìn. Ká ní ẹnìkan wa ilẹ̀, ó rí eyín ẹ̀yìn, ó sọ ẹranko náà lórúkọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èmi náà wa ilẹ̀, mo rí eyín iwájú, mo ní ẹranko mìíràn ni. Mo wá rí ẹnu náà lódidi. Ẹnu kan ni, Àǹtí. Ó ti lórúkọ kí wọ́n tó bí mi."

Kàfáyàt gba fóònù, ó sún un mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn. "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan. Ẹni tó ṣe fọ́tò ò mọ ohun tó rí."

"Tí o bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Orúkọ yín á wà nínú ìwé. Ó lè pé ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíì á ṣẹ́ òkúta, á rí ohun tí mo rí, á kọ ọ́ pé kafayatiae kì í ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n á ṣe máa dárúkọ yín nìyẹn."

Kàfáyàt dá fóònù padà. Ó wá dìde, ó mú máákà dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò àkọ́kọ́. Nusirat fẹ́ bá a ṣe é, Kàfáyàt ní rárá. Ó fà á rẹ́ lára gbogbo ogójì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì kọ K.M. sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé àpò tó kẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ láìyíjú padà.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ, Nusi. Mo ti fọkàn sí i. Ó dùn mí gan-an. Máa lọ sílé."

Nusirat lọ sílé. Ó pè é lálẹ́ ọjọ́ kejì, Kàfáyàt ò gbé e. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò dá a lóhùn.

Ní Mọ́ńdè, ó gbé fọ́tò náà sí iwájú Dókítà Matthew, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ kankan ò bàjẹ́. Ọ̀gá náà wo fọ́tò títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ó ní kó má tún parọ́ mọ́ ẹ̀rọ tí kò ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Ó wá ní òun ti rí irú tuntun tó pọ̀ láyé òun, àmọ́ láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ò tíì rí ọ̀kan nínú ìdílé yìí lódidi, pẹ̀lú ìpẹ́ ẹnu rẹ̀. Khalas, ọ̀rọ̀ parí, kó kọ ìwé mìíràn, kó fi ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé ohun kan náà ni ìpẹ́ méjèèjì. Orúkọ Nusirat nìkan ló máa wà lórí rẹ̀. Ìwé náà dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, Nusirat fúnra rẹ̀ mọ̀. Kò kàn ní àyè fún orúkọ tuntun kankan nínú rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹun láìsí iyọ̀.

Nígbà tí Sátidé tún pé, tí fóònù Kàfáyàt ò tíì dún sí i, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó lọ sí Deira láìjẹ́ kó mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ilẹ̀kùn fúláàtì ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú, ó dúró. Kàfáyàt ń pe àwọn mọ́kànlá tó wá síbi ìsọlórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló pè wọ́n wá jẹun, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun sọ ọ́. Ohun kan náà ló ń sọ fún kálukú, pé orúkọ tí wọ́n jọ sọ lọ́jọ́sí, àwọn ti gbà á padà, pé nǹkan náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀, àbúrò òun ló ṣàṣìṣe, àbúrò òun náà ló rí àṣìṣe rẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lórí fóònù, Kàfáyàt ní kó rẹ́rìn-ín tán, òun ń dúró dè é. Alfa Abdulsalam ló kẹ́yìn. Àgbàlagbà ni, ó máa ń pariwo lórí fóònù, Nusirat sì gbọ́ ohun tó béèrè láti ẹnu ọ̀nà, pé ṣé kò wá sí nǹkan kan láyé tó ń jẹ́ orúkọ Alhaja mọ́ nìyẹn.

Kàfáyàt gbé fóònù sí etí kejì.

"Alfa, ọmọ tí mo tọ́ ì bá dákẹ́, kó fi irọ́ dá mi lọ́lá. Kò sẹ́ni tó máa mú un. Ó wọ bọ́ọ̀sì wá sọ fún mi. Gbogbo ibi tó bá dé ní Dubai yìí, àbúrò Kàfáyàt ni wọ́n ń pè é. Orúkọ mi ló ń jẹ́ yẹn."

Nusirat bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó taari ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ kí i.